Wọ́n gbàjọba lọ́wọ́ ọba lọ́jọ́ ìwúyè! Bí àwọn ọmọ Kamẹrúùnù ṣe fi ọdún mẹ́tàlá ṣe géèmù kan nìyí

Ọjọ́ tó yẹ kó jẹ́ ọjọ́ ayọ̀ ńlá fún Enzo Kori-Odan ló di ọjọ́ ẹkún mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ẹ́ gbé adé ìjọba Zama lé e lórí, ọjọ́ yẹn náà ló sì fẹ́ẹ́ gbé Erine Evou níyàwó. Àfi bí Ngarba ṣe dìtẹ̀ mọ́ ọn, tó gbàjọba. Ta sì ni Ngarba? Àna ọkọ ìyàwó ni o! Arákùnrin Erine tí wọ́n ń gbé níyàwó yẹn gan-an ni. Bí ọba àti olorì ṣe fẹsẹ̀ fẹ nìyẹn, tí wọ́n di ẹni tó ń rìn kiri ayé, tí wọ́n ń wá agbára tí wọ́n máa fi gba ilé bàbá wọn padà.

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ tẹ́ ẹ mọ ohun tí ìwúyè Ajalọ́run jẹ́, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Kí wọ́n ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe, kí ìlú ti pé jọ, kó ku kí ọba jókòó sórí ìtẹ́, kí ará ilé ìyàwó wá sọ pé òun lòun máa jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tó lè tú ìlú ká ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fòyà, kì í ṣe ìlú kankan nílẹ̀ Yorùbá lọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, kì í sì í ṣe inú fíìmù. Inú géèmù orí kọ̀ǹpútà ni. Aurion: Legacy of the Kori-Odan lorúkọ géèmù náà, ìyẹn ni pé ogún tí ìdílé Kori-Odan jẹ. Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin, ọdún 2016, ló jáde.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ géèmù yìí máa ya àwọn èèyàn lẹ́nu kì í ṣe ìtàn inú ẹ̀ nìkan. Àwọn tó ṣe é gan-an ló ń yà wọ́n lẹ́nu. Kì í ṣe òyìnbó, kì í ṣe ará Jàpáànù. Àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú tó wà nílùú Yaoundé, tí í ṣe olú ìlú orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, ni. Kamẹrúùnù kò sì jìnnà, ilé kejì wa ni, ààlà nìkan ló wà láàrin wa. Ọ̀gá wọn lorúkọ ẹ̀ ń jẹ́ Madiba Olivier, ilé iṣẹ́ wọn sì ń jẹ́ Kiro'o Games.

Ọdún 2003 ni Madiba kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, nígbà tó ṣì wà ní yunifásítì. Kò lówó, kò ní ọ́fíìsì, eré ìdárayá lásán ló dà bíi pé ó ń ṣe lójú àwọn tó ń wò ó. Bó ṣe di pé ọdún 2003 ló bẹ̀rẹ̀, tó wá jẹ́ pé ọdún 2016 ló tó jáde nìyẹn. Ọdún mẹ́tàlá gbáko! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tó bẹ̀rẹ̀ ti wọ iléèwé sẹ́kọ́ńdìrì kó tó parí ẹ̀.

Kí lódé tí ọmọ Áfíríkà kan fi ní irú géèmù yìí lòun máa ṣe, tí kò ṣe ti bọ́ọ̀lù tàbí ti mọ́tò? Ìdáhùn ẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ará Jàpáànù. Lọ́dún 1986, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Yuji Horii gbé géèmù kan jáde ní Jàpáànù tí wọ́n ń pè ní Dragon Quest. Géèmù yìí kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ máa gbá fún ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ sì dìde. Ìtàn ni. Ẹ̀yin lẹ máa di akọni inú ìtàn náà, ẹ máa wọ abúlé kan bọ́ sí òmíràn, ẹ máa bá àwọn èèyàn ibẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ máa ra idà àti oògùn, ẹ máa bá ẹranko àti iwin jà, bẹ́ ẹ bá sì ṣe ń jà sí i lagbára yín á máa pọ̀ sí i. Ó lè gbà tó ogún wákàtí, ó lè gbà tó ogójì wákàtí kẹ́ ẹ tó débi tó parí sí. Nígbà tí ẹ̀kẹta rẹ̀ jáde lóṣù kejì, ọdún 1988, ohun tí wọ́n tà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lé ní mílíọ̀nù kan, ọ̀pọ̀ ọmọ iléèwé ló sì sá kúrò ní kíláàsì lọ tò sórí ìlà níwájú ṣọ́ọ̀bù, débi tí ọlọ́pàá fi ń kó wọn.

Ẹni tó bá ní òun ò mọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ rí, kó rọra rántí ohun tó kà níléèwé. Ṣé kì í ṣe ohun tí D. O. Fágúnwà ti ṣe fún wa láti ọdún 1938 nìyẹn? Àkàrà-ògùn gbéra, ó wọ Igbó Irúnmalẹ̀, ó pàdé èyí, ó pàdé tọ̀hún, ó bá àwọn kan jà, ó bá àwọn kan dọ́rẹ̀ẹ́, gbogbo ohun tójú ẹ̀ rí ló sì sọ ọ́ di èèyàn tó tún mọ nǹkan sí i. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé inú ìwé, ẹ̀ ń kà nípa akọni ni, ṣùgbọ́n inú géèmù, ọwọ́ yín ni ẹsẹ̀ akọni wà.

Àwọn tó ti ń lé ní ogójì ọdún báyìí, tó jẹ́ pé ìlú ńlá ni wọ́n gbé dàgbà, wọ́n á rántí bí géèmù ṣe wọlé sí wa lára láwọn ọdún 1990. Wọ́n á rántí kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa ń yọ, tí wọ́n á fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí nídìí, kó tó lè ṣiṣẹ́. Wọ́n á rántí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń sanwó gbá géèmù, tí ọmọ tí ìyá ẹ̀ rán níṣẹ́ búrẹ́dì á gbàgbé síbẹ̀, títí ìyá á fi wá fa etí ẹ̀ yọ. Nígbà tí PlayStation dé, tó jẹ́ pé CD ló ń lò, tó sì ní káàdì kékeré tí wọ́n fi ń tọ́jú ibi tí wọ́n bá géèmù dé, àwọn géèmù oníìtàn gígùn yẹn náà wá dé ọ̀dọ̀ tiwa. Final Fantasy VII tó jáde lọ́dún 1997, odidi CD mẹ́ta ni. Àwọn tó gbá a kò jẹ́ gbàgbé ọjọ́ tí Sephiroth fi idà gún Aerith láti ẹ̀yìn. Àgbà ọkùnrin wà tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá dárúkọ ọmọbìnrin yẹn létí ẹ̀ dòní, á mí kanlẹ̀.

Irú àwọn géèmù báyìí ló mú Madiba àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lọ́kàn. Pàápàá jù lọ, bí ìjà ṣe ń lọ nínú Aurion, lára àwọn géèmù Jàpáànù tí wọ́n ń pè ní Tales of, tí àkọ́kọ́ wọn jáde lọ́dún 1995, ni wọ́n ti kọ́ ọ. Wọn kì í dúró dúró kí ẹnì kan kọ́kọ́ lu ẹnì kejì kí ẹnì kejì tó dá a padà. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń jà, ẹ̀ṣẹ́ ń lọ, ẹ̀ṣẹ́ ń bọ̀. Àwòrán inú ẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi yà á, bíi ti ìwé aláwòrán.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọmọ Kamẹrúùnù yìí ti yà kúrò lọ́nà àwọn ọ̀gá ẹ̀ ló wá jẹ́ kókó ọ̀rọ̀. Nínú géèmù àwọn ará Jàpáànù, ibi gíga bíi ti òyìnbó ayé àtijọ́ ni wọ́n sábà máa ń kọ́ ìlú sí, pẹ̀lú ilé olókùúta àti ajagun onírin. Madiba ní rárá, ilẹ̀ tiwa lòun máa lò. Aṣọ wọn, irun orí wọn, ilé wọn, orúkọ wọn, gbogbo ẹ̀ ló gbé ka ilẹ̀ Áfíríkà. Zama tó fi ṣe ìlú wọn, ìlú tí àwọn tó ti oríṣiríṣi ibi wá para pọ̀ tẹ̀ dó ni, tí ẹnikẹ́ni kò kó lẹ́rú rí. Agbára tí Enzo ń wá kì í sì í ṣe idà tí wọ́n rọ fún un. Agbára àwọn baba ńlá ẹ̀ ni. Ogún tí wọ́n fi sílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wá kiri, kó tó lè lágbára láti dojú kọ àna ẹ̀. Ẹ̀yin tí orúkọ ìlú yín gan-an kò jẹ́ kí ẹ gbàgbé Ifẹ̀, ṣé ó tún kù sẹ́ni tó máa ṣàlàyé ìyẹn fún yín?

Erine náà kì í ṣe olorì tó kàn jókòó sílé, tó ń dúró de ọkọ. Wọ́n jọ ń rìn ni, wọ́n jọ ń jà ni. Bí Enzo bá wà níwájú tó ń ja ìjà, agbára tí Erine ń fún un láti ẹ̀yìn ló ń gbé e dúró. Ẹ má sì gbàgbé pé arákùnrin tirẹ̀ ni wọ́n ń bá jà o. Obìnrin tó wà láàrin ọkọ àti ẹbí ẹ̀, tó sì ní ọkọ òun lòun máa tẹ̀ lé, ọ̀rọ̀ tó ń ṣẹlẹ̀ nílé ọ̀pọ̀ èèyàn ni, kò kàn sí ẹni tó fi ṣe géèmù fún wọn rí ni.

Ẹ jẹ́ ká wá débi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ owó. Oṣù kejìlá, ọdún 2013, ni Kiro'o Games ṣílẹ̀kùn ní Yaoundé. Kò sí iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ géèmù níbẹ̀, fúnra wọn ni wọ́n kọ́ ara wọn. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀, tí ẹ̀yin náà mọ̀ dunjú, ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá sì ń wá owó, tó lọ sọ fún onílé ìfowópamọ́ pé òun fẹ́ẹ́ yá owó láti fi ṣe géèmù, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi sin ín dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n á béèrè ilẹ̀, wọ́n á béèrè ìwé ilé. Ìtàn tó wà lórí ẹni kò ṣeé fi dúró.

Ohun tí wọ́n wá ṣe, àwọn ará Ìjẹ̀bú ló yẹ kó yé jù. Ta ni kò mọ èésú nílẹ̀ Ìjẹ̀bú? Ẹni tí apá ẹ̀ kò ká nǹkan ńlá, á kó ara ẹ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, oníkálukú á mú díẹ̀ wá, owó á sì di owó. Àwọn ọmọ Kiro'o kọ́kọ́ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ, wọ́n ń ta ìpín ilé iṣẹ́ wọn fún ẹni tó bá fẹ́, olówó kékeré, olówó ńlá. Lẹ́yìn ìyẹn, lọ́dún 2015, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sórí Kickstarter, níbi tí ẹnikẹ́ni láyé ti lè dá owó fún iṣẹ́ tó bá wù ú. Òfin ibẹ̀ le o: bí owó tẹ́ ẹ ní ẹ̀ ń wá kò bá pé lọ́jọ́ tí àkókò bá pé, kọ́bọ̀ ẹ̀ kò ní í kàn yín, gbogbo ẹ̀ ló máa padà sápò àwọn tó dá a. 40,000 owó Euro ni Kiro'o ní àwọn ń wá. Nígbà tí àkókò pé, ohun tí wọ́n rí ti sún mọ́ 50,000. Àwọn tí wọn kò rí wọn rí, tí wọn kò mọ ọ̀nà Yaoundé, ló dá a fún wọn.

Bó ṣe jáde lọ́dún 2016 báyìí lariwo sọ. Àwọn oníwèé ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè, títí kan Le Monde ti ilẹ̀ Faransé, ló gbé ìròyìn wọn. Géèmù oníìtàn bíi ti Jàpáànù, láti Yaoundé! Àwọn tó ti ń gbá irú géèmù bẹ́ẹ̀ láti kékeré ní ó rán àwọn létí ìgbà tí àwọn máa ń jókòó síwájú tẹlifíṣàn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, síbẹ̀ àwọn kò rí irú ilẹ̀ yìí, irú aṣọ yìí àti irú orúkọ yìí nínú ẹ̀ rí. Wọ́n yin àwòrán ẹ̀, wọ́n yin orin ẹ̀, wọ́n sì yin ọ̀rọ̀ ọba àti olorì tó jọ ń rìn yẹn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe oyin nìkan ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n bu ìdí ewúro díẹ̀ sí i. Àwọn kan ní ìjà inú ẹ̀ ti ń jọra jù, pé bí èèyàn bá ti ja mẹ́wàá ló dà bíi pé ó ti ja gbogbo ẹ̀. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ sísọ inú ẹ̀ ti pọ̀ jù. Òtítọ́ ni àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ náà sọ, nítorí bí aráyé ṣe ń wo iṣẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti Jàpáànù tó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ ni wọ́n ṣe wo tiwọn náà. Ọjà kò mọ ọmọ òrukàn. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé nítorí pé iná lọ nílé yín, òun á gbójú fo àléébù ọjà yín.

Èyí tó tún wá dunni jù ni ti ilé. Ilẹ̀ òkèèrè ni ariwo náà ti pọ̀ jù, nítorí pé kò rọrùn fún àwọn tí wọ́n torí wọn ṣe é láti rà á. Orí kọ̀ǹpútà ni Aurion jáde sí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ti ń tà á. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ rà á gbọ́dọ̀ ní kọ̀ǹpútà tó lágbára, ó gbọ́dọ̀ ní dátà tó pọ̀ tó máa fi gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ní káàdì báńkì tó ń sanwó sílẹ̀ òkèèrè. Mélòó lára àwọn ọ̀dọ́ Yaoundé ló ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Mélòó ló ní in ní Ìjẹ̀bú-Òde, ká má tíì sọ ti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀? Ó wá dà bíi kéèyàn se ọbẹ̀ fáwọn ọmọ ilé, kó wá gbé ìkòkò lé orí àjà tí ọwọ́ wọn ò tó.

Àwọn Kiro'o náà rí i bẹ́ẹ̀, wọn kò sì jókòó máa sunkún. Ohun tó wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, ìyẹn fóònù, ni wọ́n kọjú sí. Lára ohun tí wọ́n ṣe sórí fóònù lẹ́yìn ìyẹn ni èyí tí wọ́n ń pè ní Le Responsable, níbi tí ẹni tó ń gbá géèmù ti máa di òṣìṣẹ́ ìjọba, tí àwọn tó ń gbé rìbá wá á sì máa dán an wò. Ẹni tó bá ti lọ gba ìwé kan ní sẹkitéríàtì rí kò nílò kí wọ́n túmọ̀ ẹ̀ fún un.

Lọ́dọ̀ tiwa níbí náà, ọ̀nà fóònù yìí làwọn tiwa ń tọ̀. Ọdún 2012 ni Hugo Obi dá Maliyo Games sílẹ̀ l'Ékòó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú géèmù kéékèèké nípa ohun tójú wa ń rí lójoojúmọ́, bí ọ̀kadà àti ẹ̀fọn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Disney gbé eré alápá púpọ̀ tí wọ́n ń pè ní Iwájú, tó dá lórí Èkó, jáde lọ́dún 2024, Maliyo yìí náà ni wọ́n gbé géèmù tó bá a rìn fún láti ṣe. Ìyẹn fi hàn pé àwọn tó mọ iṣẹ́ náà wà nílé.

Àwọn kan á ní kí ni èrè géèmù oníìtàn gígùn bẹ́ẹ̀, ṣé kò ti di ohun àtijọ́ ni? Kí wọ́n wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Faransé. Lóṣù kẹrin, ọdún 2025, ilé iṣẹ́ kékeré kan nílùú Montpellier, tí wọ́n ń pè ní Sandfall, gbé géèmù kan jáde tí wọ́n ń pè ní Clair Obscur: Expedition 33. Bíi ti Jàpáànù àtijọ́ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe é, nítorí pé ìfẹ́ ìgbà èwe wọn ni. Láàrin ọjọ́ mẹ́ta, ó ti tà ju mílíọ̀nù kan lọ, nígbà tó sì fi máa di oṣù kejìlá ọdún náà, òun ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ géèmù tó dáa jù lọ́dún 2025 níbi ayẹyẹ The Game Awards ní Amẹ́ríkà. Àwọn èèyàn tó ń gbá géèmù láwọn ọdún 1990 ti dàgbà, wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, owó ti wà lọ́wọ́ wọn. Ohun tí wọ́n fẹ́ràn nígbà yẹn ni wọ́n ṣì ń wá kiri.

Ọdún mẹ́sàn-án kí àwọn ará Montpellier tó gba àmì ẹ̀yẹ yìí, àwọn ọmọ Yaoundé ti ṣe tiwọn. Èdè Faransé làwọn méjèèjì ń sọ, ìfẹ́ kan náà ló mú wọn ṣe é. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ kì í ṣe ọpọlọ. Iná ni, owó ni, àti ọjà tó wà nítòsí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Aurion kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ eré ọmọdé. Ọ̀rọ̀ ẹni tó máa jẹ ogún ni. Ìtàn ọba, ìtàn baba ńlá àti ìtàn igbó tó lóhùn kún ilẹ̀ wa, ó ń dà sílẹ̀. Àwọn tó bá rówó ṣe é ló máa tà á, àwọn ọmọ wa ló sì máa rà á.

Ta ló máa gbé Igbó Irúnmalẹ̀ sínú géèmù, kí ọmọ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ gbá a lórí fóònù kó sì gbọ́ èdè bàbá ẹ̀ níbẹ̀? Bí ẹnì kan bá ti ń ṣe é ní kọ́rọ̀ yàrá ẹ̀ níbì kan, kó má bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ náà, kí wọ́n má kàn máa pariwo pé ìdí ẹ̀rọ ló ń sùn sí, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń ṣe nídìí ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń dá èésú láti fi ra aṣọ ẹgbẹ́ náà, ó yẹ kí wọ́n rántí pé owó kéékèèké táwọn èèyàn dá jọ ló gbé Enzo àti Erine dé ojú ayé. Ẹni tó bá ní òun ò ní í ra tilé, kó má bínú lọ́jọ́ tí ará òkèèrè bá di ẹrù bàbá ẹ̀ wá tà fún un.